Bí A Ṣe Tú Kárìà Orí 504 Bàbá Wa

  

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwọn èèyàn ti ń dá wa dúró ní Kakuri níbí, tí wọ́n ń bi wá pé ọkọ̀ ta ni à ń wà kiri. A ní tiwa náà ni, 504 wágọ̀n Bàbá. Wọ́n á ní rárá o, ti Bàbá yín ní kárìà lórí. Àwọn kan tiẹ̀ ti sọ lẹ́yìn wa pé a ti ta ọkọ̀ Bàbá, pé a lọ ra irú ẹ̀ mìíràn. A ò tà á. Kárìà la tú. Ṣùgbọ́n títú kárìà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípánà nìkan, ìdí nìyẹn tí a fi ní ká kọ ọ́ síbí. A mọ̀ pé irú ọkọ̀ yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú yín ní Kano, ní Jos, ní Minna, tí omi òjò sì ń wọ inú ẹ̀ tí ẹ ò mọ ibi tó ń gbà wọlé.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wá, ọkùnrin méjì. Èlùbọ́ la ń tà, pẹ̀lú gàrí, irú àti orógbó. Bàbá wa ló bẹ̀rẹ̀ ọjà náà. Ṣakí ni wọ́n ti wá, ẹ sì mọ̀ pé tí a bá ń sọ èlùbọ́, Òkè-Ògùn la ń sọ. Wọ́n á kó ọjà láti Ṣakí, wọ́n á gba Ìgbòho, Kìṣí, Ìgbẹ́tì, títí dé Ìlọrin, wọ́n á dá afárá Jẹ́bà kọjá, wọ́n á gba Mokwa àti Birnin Gwari wọ Kaduna. Ẹnu irin-àjò yẹn ni wọ́n wà títí ara fi kọ̀. Ọlọ́run pè wọ́n lọ́dún 2011, ọkọ̀ náà sì kù sí wa lọ́wọ́.

Ẹni tí kò bá dàgbà sí òkè ọya lè máa rò pé ọkọ̀ lásán ni 504 wágọ̀n. Ní Kaduna níbí, ọmọ ìlú ni. Kakuri tí à ń gbé yìí náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot wà, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lọ́dún 1975. Ìgbà tí a wà lọ́mọdé, à ń rí àwọn òṣìṣẹ́ wọn nínú aṣọ iṣẹ́ láàárọ̀, a sì mọ̀ pé àwọn ló ń ṣe ọkọ̀ tí Bàbá ń wà. Wágọ̀n yìí gùn ju èyí tí à ń pè ní sàlúùnù lọ, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta, wọ́n sì fi sípíríǹgì méjì méjì sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ohun tó jẹ́ kó lè gbé ẹrù nìyẹn. Kò sí páàkì kan ní òkè ọya nígbà yẹn tí ẹ ò ní bá a, èèyàn mẹ́jọ nínú, ẹrù wọn lórí, ewúrẹ́ kan á tún máa ké láàárín àpò.

Kárìà Bàbá yàtọ̀ sí ti àwọn ará páàkì. Panteka ni wọ́n ti ṣe é fún wọn, páìpù irin gidi ni, kì í ṣe irin tín-ín-rín. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Ẹ wo 504 dáadáa, ẹ ó rí etí irin kan tó yí òrùlé rẹ̀ ká lókè ilẹ̀kùn, tó dà bí ojú àgbàrá kékeré. Gọ́tà ni wọ́n ń pè é. Omi òjò ló wà fún, kó má bàa ṣàn sí èèyàn lórí tó bá ṣílẹ̀kùn. Inú gọ́tà yìí ni ẹsẹ̀ kárìà ń jókòó sí, irin pẹlẹbẹ kan á dì í mú láti abẹ́, bóòtì á fún un pọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí ihò kankan lára òrùlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní nǹkan bí ọdún 1998, ẹrù orógbó kan wúwo jù, kárìà sì sún sẹ́yìn lórí ìrìn. Bàbá gbé ọkọ̀ lọ bá wẹ́dà kan, wọ́n ní kó bá àwọn fún ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ọkùnrin yẹn kò wá ẹsẹ̀ tuntun, kò wo gọ́tà. Bàbá lọ kírun Ọ̀sán, kí wọ́n tó dé, ó ti gbé dírílì, ó ti lu ihò mẹ́rin sí òrùlé ọkọ̀, ó ti ki bóòtì bọ̀ ọ́. Ó fi abẹ ya aṣọ àjà inú ọkọ̀ níbi mẹ́rin kí ọwọ́ ẹ̀ lè dé ibi tó fẹ́ de nọ́ọ̀tì, ó sì fi téèpù lẹ ojú ibẹ̀ padà. Kò fi rọ́bà sábẹ́ wọ́ṣà, kò fi ọ̀dà kun etí ihò. Ó gba owó ẹ̀, ó ní kárìà yìí ò ní sún mọ́ láéláé. Òótọ́ ló sọ, kò sún mọ́.

Ihò mẹ́rin yẹn ni òjò ń wò láti ìgbà yẹn. Ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ohun tí a rí. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ọkọ̀ á kàn tutù díẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, a á ní gíláàsì ẹ̀yìn ni. A pààrọ̀ rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn. A pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Omi ò dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ibi tí omi ti ń kán nínú ọkọ̀ kì í sábà jẹ́ ibi tó gbà wọlé. Nínú ọkọ̀ tiwa, ihò iwájú lápá òsì ló ń gbà wọlé, á rọra tẹ̀lé ọ̀pá wáyà tó gbé aṣọ àjà ró, á gba ẹ̀gbẹ́ lọ sẹ́yìn, á wá kán síbi tí a tò ẹrù sí. Ṣé ẹ rí i pé èèyàn lè pààrọ̀ rọ́bà títí ayé!

Oṣù Júláì ọdún tó kọjá ló wá le. A kó àpò èlùbọ́ mọ́kànlá láti ibi tí tírélà já a sí, ó kù díẹ̀ ká délé nígbà tí òjò Kaduna dé, ẹ sì mọ òjò Kaduna lóṣù Júláì. Ilẹ̀ ti ṣú, a ní ká fi ọjà sínú ọkọ̀ dilẹ̀ mọ́. Òjò náà rọ̀ títí di ìdájí. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, mẹ́rin nínú mọ́kànlá ti mu omi. Èlùbọ́ kì í ṣe gàrí tí èèyàn lè tún yan. Tí omi bá ti wọ inú ẹ̀, á dì, irun funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmàlà rẹ̀ kì í sì í fà mọ́. Àpò mẹ́rin lọ bẹ́ẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ méjì ló wà nínú àpò mẹ́rin yẹn, ká má fọ̀rọ̀ gùn.

Ìgbà yẹn la fohùn ṣọ̀kan pé kárìà gbọ́dọ̀ kúrò. Ká sòótọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa ti dín kù. Ọ̀nà Birnin Gwari tí Bàbá ń gbà, gbogbo yín lẹ mọ ohun tó dà. Tírélà ló ń bá wa kó ọjà wọ ìlú báyìí, 504 kàn ń já a káàkiri ìlú ni. Kárìà wà lórí lófìfo, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ó ń fà wá sẹ́yìn, ó sì ń mu epo wa. Lọ́dún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, epo tí à ń rà ní bíi ₦185 fún lítà kan fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ta ló tún fẹ́ máa ra epo fún irin òfìfo? Èyí àbúrò nínú wa tiẹ̀ ní ká ta ọkọ̀ náà pátápátá, Àǹtí wa tó wà ní Zaria sì gbè é lẹ́yìn lórí fóònù. Èyí ẹ̀gbọ́n ní ká tú kárìà, ká dí ihò, ká máa wà á lọ.

Màmá ni a ò rò pé ó máa bínú. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n pè wá jókòó.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fẹ́ ṣí fìlà orí bàbá yín?”

A ní Màmá, kárìà ni, kì í ṣe fìlà. Wọ́n ní ṣé a rántí oṣù Fẹ́búárì ọdún 2000. A dákẹ́. Ẹni tó bá wà ní Kaduna lọ́dún yẹn kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ìjà yẹn bẹ́, orí kárìà yìí ni Bàbá to ẹrù ilé wa sí, mátírẹ́ẹ̀sì, ìkòkò, àpótí, ó tún to ti aládùúgbò méjì lé e, ọ̀kan Musulumi bíi tiwa, ọ̀kan Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀, wọ́n jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀. Bárékè ni Bàbá kó wa lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Màmá sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà bárékè, wọ́n ń wo ọ̀nà. Wọ́n ní ọkọ̀ pọ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ẹ̀ ló jọra wọn, kárìà yẹn ni àwọn fi ń mọ̀ láti òkèèrè pé ọkọ àwọn ṣì wà láàyè.

Kí lèèyàn fẹ́ fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn? A ò lè sọ fún Màmá pé epo wọ́n. A fi í sílẹ̀ fún bí oṣù kan. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni pé a mú wọn wọ inú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, a fà wọ́n lọ́wọ́ dé abẹ́ ibi tí aṣọ àjà ti já, a ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ìpẹtà pupa bò wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n wo ọwọ́ náà títí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé irin yẹn ló ń jẹ ọkọ̀ náà, ká tú u, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ ta ọkọ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ ta kárìà. Báyìí ni ọ̀rọ̀ títà parí. Àǹtí wa ò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ó wá ku iṣẹ́. Wẹ́dà àkọ́kọ́ tí a pè ní òun á fi iná gáàsì jó ẹsẹ̀ kárìà kúrò ní wákàtí kan. A ní kó máa lọ. Fómù wà láàárín irin òrùlé àti aṣọ àjà, tí iná bá ta sí i, kí ẹ tó rí èéfín, ó ti ń jó nínú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iná sún mọ́ òrùlé ọkọ̀ tí àjà rẹ̀ ṣì wà lókè.

Àwa fúnra wa la tú u. Ọjọ́ méjì ṣáájú, a fi búrọ́ṣì onírin ha ìdọ̀tí kúrò lára gbogbo bóòtì, a sì ń da dísẹ́ẹ̀lì tí a pò mọ́ ọ́ìlì bíréèkì sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ ṣọ́ ọ́ìlì bíréèkì o, tó bá kan ọ̀dà ọkọ̀, á bó o. Ẹni tó bá lówó lè ra WD-40, ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sípánà 13 ló mú bóòtì tiwa. Tó bá kọ̀, ẹ má fi agídí fà á, ẹ fún un pọ̀ díẹ̀ ná kó lè mì, kí ẹ tó tú u. Nínú bóòtì ẹsẹ̀ mẹ́fà tó wà ní gọ́tà, mẹ́rin gbà, méjì já. Kò sí wàhálà, èyí tó bá já níta kì í ṣe ewu.

Èyí tó wà ní ihò mẹ́rin ló nira, torí bí a ti ń yí orí bóòtì lókè ni nọ́ọ̀tì inú ń bá a yí. A ní láti sọ àjà kalẹ̀. A tú iná inú ọkọ̀, a tú ọwọ́ ìdìmú, a yọ rọ́bà etí ilẹ̀kùn tó di aṣọ náà mú, a wá ń rọra yọ ọ̀pá wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi ẹfun kọ nọ́ḿbà sára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan torí gígùn wọn ò dọ́gba. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ di nọ́ọ̀tì mú, ẹnì kejì lókè ń yí. Ọ̀kan tó kù tí kò gbà, ayùn irin la fi rẹ́ ẹ. A ò lo ẹ̀rọ tó ń ta iná.

Ẹ má fa kárìà lórí òrùlé o. Ẹ gbé e sókè ni. Èèyàn mẹ́rin la fi gbé tiwa, ọmọ wa méjì, Máláàmù tó ń ta ẹran lójúde, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá ra gàrí tí a ò tíì jẹ́ kó lọ. Nígbà tó kúrò, gbogbo wa dákẹ́. Orí ọkọ̀ náà kéré. Abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iyanrìn ọyẹ́ tó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí omi gbẹ nínú gọ́tà. Níbi méjì, ìpẹtà ti jẹ gọ́tà lu. Nítorí náà, kí ẹ̀yin tí wọn ò lu ihò sí tiyín má sùn o. Ẹ tú ẹsẹ̀ kárìà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbá inú gọ́tà.

Ìgbà yìí la tó wá pe wẹ́dà, èyí tó ní sùúrù. Àjà ti kúrò, fómù ti kúrò, a tú orí bátìrì. Ó ha ìpẹtà títí irin funfun fi hàn, ó gé páànù tín-ín-rín wẹ́wẹ́, ó ń jó o ní tótòtó, kì í jó o lọ gbọnrangandan kí òrùlé má bàa ká. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ákísà tútù àti garawa omi. Lẹ́yìn náà ni red oxide, bọ́dì-fílà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sáńpépà, ọ̀dà. Péńtà fẹ́ fi bọ́dì-fílà kún gọ́tà kó lè dán, a kọ̀. Gọ́tà tó bá kún kò lè kó omi mọ́, inú ilẹ̀kùn ni omi á máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń sọ fún yín pé kí ẹ kàn fi sílíkóònù dí ihò, ẹ gbọ́ èyí. Sílíkóònù olówó pọ́ọ́kú tó ń rùn bíi fínígà, ásíìdì ló ń rùn yẹn, irin ló ń jẹ. Ẹ ó dí ihò lókè, ìpẹtà á máa jẹun lábẹ́. Bí agbára ò bá ká wẹ́dà, ẹ ha á, ẹ kùn ún, ẹ fi bóòtì kúkúrú pẹ̀lú rọ́bà àti wọ́ṣà ńlá dí i títí owó á fi dé. Ìyẹn sàn. Ẹni tó ní Volvo tàbí Passat wágọ̀n àtijọ́, tó ní irin gígùn méjì lórí láti ilé iṣẹ́ wá, kí ó kọ́kọ́ wá ìdérí kéékèèké tí wọ́n fi bo bóòtì mọ́lẹ̀ kó tó fi ohunkóhun wọ́ ọ.

Kí a tó dá àjà padà, a da omi sí orí ọkọ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gọ́tà lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Garawa mẹ́jọ. Kò kán.

Màmá jáde wá wò ó nígbà tí péńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọkọ̀ tán, kó tó kùn ún. Ibi mẹ́fà tí ẹsẹ̀ kárìà ti wà, ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ yíká etí ìpẹtà, àwọ̀ bí omi wàrà, ibi tó kù ti ṣá. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ̀kan. Wọ́n ní, “Àwọ̀ tó wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé nìyí.” Àwọ̀ yẹn gan-an la ní kí péńtà bá wa wá. Ó ná wa lówó ju bí a ti rò lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa ò ná an mọ́.

Ọkọ̀ náà dákẹ́ báyìí. Súfèé tí atẹ́gùn ń fọn lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ, a tún ń gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́yìn ń sọ. Tí a bá yà ní ìkóríta, kì í fì mọ́. Òjò ọdún yìí ti rọ̀ dáadáa, èlùbọ́ gbẹ.

Kárìà wà lẹ́yìn ilé, lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin. Màmá ti tẹ́ páànù lé e, ilá ni wọ́n ń sá lórí ẹ̀. Baba-bóla tó ń ra irin àlòkù rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ̀n ọ́n lójú, ó dá owó tó dáa. Èyí àbúrò nínú wa wo èyí ẹ̀gbọ́n. Kí a tó sọ̀rọ̀, Màmá ti fi Hausa dá a lóhùn láti inú kíṣìnì pé ilá òun ò tíì gbẹ, kó padà wá.

Ó padà wá lánàá. Wọ́n ní kò tíì gbẹ.